Ta ló ń gbè é? Bí ẹ ṣe lè gbọ́ orin 81 Aretha Franklin láìsú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àjàṣẹ́ ni mo ń gbé, ní apá Wàndó, tírẹ́bù ni mo sì ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Paris fi àpótí CD 4 ránṣẹ́ sí mi, àkójọ orin Aretha Franklin tó jáde ní 2021. Orin 81 ló wà níbẹ̀. Mo gbé e sẹ́rọ lọ́jọ́ Sátidé, mo ń gbọ́ ọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó sú mi. Orin àkọ́kọ́ ń hó ṣíí bí epo inú agbada. Nígbà tó ṣe, gòjé òyìnbó gba gbogbo ẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ó di orin ijó, ohùn rẹ̀ pàápàá kò dúró sójú kan. Gẹ̀ẹ́sì mi ò sì tó nǹkan. Gbogbo ayé ní òun ni ọbabìnrin orin sóòlù. Kí ló dé tí n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbọ́?

Ìdáhùn: A kí yín, a sì kí ẹgbẹ́ akọrin yín. Etí yín kò ní àrùn kankan. Orin tí ẹ fi Sátidé kan gbọ́, ọdún 59 ló gba obìnrin yìí láti kọ ọ́, láti 1956 títí di 2015. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́mọdé, ó parí ẹ̀ ní ìyá àgbà, ilé iṣẹ́ àwo orin tó sì gbà á lọ́wọ́ ara wọn ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ tẹ̀léra bí ẹni ń ka ìwé ìtàn, okùn tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ máa bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Okùn náà la fẹ́ fà lé yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, torí ó jọ pé ẹ̀rọ náà wà nínú ohun tó dá yín lágara.

Híhó inú orin àkọ́kọ́ kì í ṣe àléébù CD. "Never Grow Old" ni orin yẹn. Inú ṣọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀, New Bethel Baptist ní ìlú Detroit, ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀ ní 1956. Ọmọ ọdún 14 ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń tẹ dùùrù. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ jẹ́ ti ẹ̀rọ ìgbà náà àti ti ilé ńlá tí èrò kún inú rẹ̀. Ẹ má ṣe yí ohùn òkè ẹ̀rọ yín wálẹ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ pa híhó náà. Ibi tí híhó wà ni èémí ọmọ náà wà, ibẹ̀ náà ni ohùn àwọn ará ìjọ tó ń dá a lóhùn wà. Ẹ pa ọ̀kan, ẹ ti pa gbogbo wọn.

CD tó bàjẹ́ kì í hó. Ó máa ń fò ni, tàbí kó máa tún ibì kan náà sọ ta-ta-ta, tàbí kó dákẹ́ pátápátá. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku ló sábà máa ń fa èyí. Ẹ mú aṣọ òwú rírọ̀, ẹ ta omi díẹ̀ sí i, kí ẹ nù ún láti àárín lọ sí etí, gbọọrọ bí ìtànṣán oòrùn. Ẹ má nù ún yípo. Ohun tí wọ́n kọ sínú CD máa ń yí po bí ìkarahun ìgbín. Bí iyanrìn kan bá há sáṣọ, tí ẹ sì ń yípo, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ á bá ìlà yẹn lọ gbọọrọ, ẹ̀rọ ò sì ní rí ohun tó máa fi dí i. Bó bá jẹ́ pé ọgbẹ́ náà dábùú ìlà, ẹ̀rọ lè fi ọgbọ́n dí àlàfo rẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹ̀yìn tí wọ́n kọ̀wé sí. Àwọn ènìyàn rò pé ojú tó ń dán nìkan ló gbẹgẹ́, bẹ́ẹ̀ abẹ́ ọ̀dà ìwé yẹn gan-an ni ìpele tó ń dán bíi fàdákà wà. Ẹ má fi bíírò kọ nǹkan sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ kó àwọn orin náà sínú fóònù, ẹ má gbé fóònù síwájú sípíkà kí ẹ gbà á, ẹ má sì fi í ránṣẹ́ bí ohùn WhatsApp. Ẹ wá ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ibi ìfi-CD-sí, kó yí i padà sí MP3 ní ìwọ̀n 320 kbps. Ìṣẹ́jú kan á gba bíi 2.4 MB, CD tó kún dé ìṣẹ́jú 75 á gba bíi 180 MB, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sì ní ju bíi 720 MB lọ. Àwọn kan á fẹ́ fi ààyè pamọ́, wọ́n á sọ ọ́ di 64 kbps. Ẹ má gbà fún wọn. Ní ìwọ̀n yẹn, péréṣéké ìlù á máa dún bí omi ẹ̀rọ, ohùn àwọn elégbè mẹ́ta á yọ́ pọ̀ di ọ̀kan, àwọn elégbè yìí sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa.

Ó ku sípíkà. Nínú àwọn orin ọdún 1960 sí 1970 tó jẹ́ stẹ́ríò, wọ́n máa ń ti àwọn ohun èlò sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí èkejì. Bí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ àfisétí tí etí kan rẹ̀ ti kú gbọ́ ọ, ìdajì àwọn olórin ti lọ sílé nìyẹn. Sípíkà kékeré alágbèéká dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó ń da apá méjèèjì pọ̀. Ẹ pa bọ́tìnì tó ń fi agbára kún béèsì. Béèsì àti ìlù ọdún 1967 kò wúwo bíi ti òní. Bí ẹ bá fipá mú un wúwo, á bo dùùrù mọ́lẹ̀, dùùrù sì ni òpó ilé yìí.

Ó yá, orin fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá ti jókòó sí alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ rí ní Kétu mọ̀ pé Ẹ̀fẹ̀ kì í dá orin kọ. Á lé e, èrò á gbè é, bí wọ́n bá sì ṣe gbè é ló ń sọ bó ṣe máa tún un lé. Ilé irú orin bẹ́ẹ̀ ni Aretha ti jáde. Bàbá rẹ̀, C. L. Franklin, jẹ́ oníwàásù tí wọ́n ń ta ìwàásù rẹ̀ lórí àwo; á bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀, nígbà tó bá ṣe, ìwàásù á di orin lẹ́nu rẹ̀, ìjọ á sì máa dá a lóhùn. Ọmọ yìí kò mọ orin tí a kì í dáhùn. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ máa bi orin kọ̀ọ̀kan nínú àpótí yín: ta ló ń gbè é?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó sú yín gan-an, níbi tí gòjé òyìnbó ti pọ̀. Ní 1960, John Hammond mú un wọ ilé iṣẹ́ àwo orin Columbia ní New York, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1966. Nínú ọ̀pọ̀ orin ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń gbè é. Gòjé ń tẹ́ ẹní fún un, ó ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kò dá a lóhùn. Ẹ máa gbọ́ ibi tí Aretha ti parí gbólóhùn kan, tó dúró díẹ̀ bí ẹni ń retí èsì, tí kò sí ohun tó dé. Ìdí tí orin wọ̀nyẹn fi dà bí ohun tó dáa tí kò gbóná nìyẹn. Síbẹ̀, a kò bá àwọn tó ní kéèyàn fo apá yìí rárá. Ẹ gbọ́ "Skylark" ti 1963: ohùn rẹ̀ ń rìn jẹ́ẹ́, lójijì ó fò sókè, ó sì balẹ̀ sórí òkè yẹn láìgbọ̀n. Ohùn náà ti pé. Àwọn tí yóò gbè é ni kò tíì dé.

Bí ẹ bá fẹ́ fi etí ara yín rí ìyàtọ̀, orin kan wà tó kọ lẹ́ẹ̀mejì, "Today I Sing the Blues". Ó kọ ọ́ fún Columbia ní 1960, ó tún un kọ sínú àwo Soul '69 tó jáde ní 1969. Ẹ wá méjèèjì, kí ẹ gbọ́ wọn tẹ̀léra. Ní 1960, ọmọ ọdún 18 ń sọ ìbànújẹ́ tó gbọ́ lẹ́nu àgbà. Ní 1969, àwọn fèrè ńlá ń bá a ṣe àríyànjiyàn, òun náà sì ń dúró dè wọ́n, ó ń jẹ́ kí wọ́n sọ tán kó tó fèsì.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín? Jerry Wexler mú un wọ ilé iṣẹ́ àwo orin Atlantic ní ìparí 1966, ó sì fi í jókòó sídìí dùùrù. Ìpinnu tó tóbi jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn. Ẹni tó ń tẹ dùùrù fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí orin máa mí, ọwọ́ rẹ̀ sì lè dá ẹnu rẹ̀ lóhùn. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní 1967, wọ́n kó ara wọn jọ ní stúdíò FAME, ní Muscle Shoals, ìpínlẹ̀ Alabama. Àwọn olórin ibẹ̀ kò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí orin tó gbé wá, títí Spooner Oldham fi rí ìlà kékeré kan lórí dùùrù iná Wurlitzer. Ìlà yẹn ni ẹ ń gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ "I Never Loved a Man (The Way I Love You)". Ó rọra ń bọ̀ bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn. Wọ́n parí orin yẹn lọ́jọ́ náà. Èkejì, "Do Right Woman, Do Right Man", kù ní ìlàjì torí ìjà bẹ́ sílẹ̀, kálukú sì tú ká. New York ni wọ́n ti parí rẹ̀: Aretha fi dùùrù àti ọ́ọ́gánì sí i, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ sì gbè é. Ẹ gbọ́ bí àlàfo ṣe pọ̀ tó nínú orin náà kí elégbè tó wọlé.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 14 oṣù Kejì, wọ́n ti ń gba "Respect". Níbí ni àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ti ní dí yín lọ́wọ́, torí ohun tí ẹ nílò kò ju èyí lọ: Otis Redding ló kọ orin náà, ó sì gbé e jáde ní 1965. Nínú tirẹ̀, ọkọ ló ń bọ̀ wálé, ó ní kí ìyàwó bọ̀wọ̀ fún òun torí owó tí òun ń mú bọ̀. Aretha kò yí ọ̀rọ̀ náà padà púpọ̀, ẹnu tó ń sọ ọ́ ló yí padà. Obìnrin ló ń béèrè báyìí, ó sì ń sọ pé owó òun wà lọ́wọ́ òun. Ó wá fi ohun tí kò sí nínú ti Otis kún un: ó pe lẹ́tà ọ̀rọ̀ náà níkọ̀ọ̀kan, R-E-S-P-E-C-T, bí olùkọ́ ṣe ń pè é fún ọmọ tí kò gbọ́ràn. Àwọn tó ń gbè é ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Erma àti àbúrò rẹ̀ Carolyn. Ẹ gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń sọ "re, re, re, re": Ree ni wọ́n ń pe Aretha nílé. Àárín orin náà, níbi tí fèrè saksofóònù King Curtis ti dá sọ̀rọ̀, kò sí nínú ti Otis. Wọ́n yá kọ́ọ̀dù abẹ́ rẹ̀, ìyẹn àwọn ohùn tó ń dún pọ̀, láti inú orin Sam àti Dave kan, àwọn olórin sóòlù méjì. Gbogbo èyí nínú ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀, kò tilẹ̀ pé bẹ́ẹ̀. Kò yà wá lẹ́nu pé ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan láàárín orin 81 kò rí nǹkan kan mú.

"Chain of Fools", ọdún 1967 kan náà, ló máa bá etí yín mu jù. Gìtá Joe South ló ń gbọ̀n rìrì ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà, ohùn ìsàlẹ̀ orin náà kò kúrò lójú kan títí ó fi parí. Etí tí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ti mọ́ lára á máa retí pé kó ṣí lọ sí ibòmíràn. Kò ní ṣí. Bí orin ìlù wa ṣe ń ṣe nìyẹn: ilẹ̀ dúró, ẹsẹ̀ ló ń jó. Nígbà tó bá dé àárín, àwọn ohun èlò á fà sẹ́yìn, á fẹ́rẹ̀ẹ́ ku àtẹ́wọ́ àti ohùn nìkan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí sóòlù ṣe dún nígbà tó dé ọwọ́ àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀, ẹ gbọ́ "Feeling You Got" ti El Rego lẹ́yìn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Daptone ní Amẹ́ríkà ṣe àkójọ orin rẹ̀ jáde ní 2011.

Nínú "I Say a Little Prayer" ti 1968, ohun àrà kan ṣẹlẹ̀: elégbè gba orin. Dionne Warwick ló kọ́kọ́ kọ ọ́, òun ló sì lé gbogbo rẹ̀. Nínú ti Aretha, bí ègbè bá dé, àwọn elégbè rẹ̀, Sweet Inspirations, ló ń sọ ọ̀rọ̀ gan-an, Aretha á sì di ẹni tó ń dáhùn láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ pàtẹ́wọ́ sí i, ọwọ́ yín á kọ́ níbi ègbè yẹn. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ẹ ka 4, lẹ́yìn náà 3, lẹ́yìn náà 4, àpapọ̀ rẹ̀ 11, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan nípa àpótí yín: 19 nínú orin 81 náà ni kò jáde rí kí àpótí yìí tó dé. Nítorí náà ẹ máa pàdé orin tí kì í ṣe ẹ̀dà tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹ wo ìwé inú àpótí: "demo" ni ìdánwò, "alternate" ni ẹ̀dà tí wọn kò yàn, "live" ni ti gbangba. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹ̀dà tó jáde nígbà náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó padà sí èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Àmọ́ ẹ má fojú di wọ́n. Ní 1978, iná jó ilé ìkópamọ́ Atlantic ní Long Branch, ìpínlẹ̀ New Jersey, ẹgbẹẹgbẹ̀rún téèpù ló sì bá a lọ, àwọn ìdánwò àti ẹ̀dà tí wọn kò yàn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù ṣọ̀wọ́n.

Ẹ̀yin akọrin ìjọ, ẹ gba àwo Amazing Grace gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Alẹ́ méjì ni wọ́n fi gbà á, 13 àti 14 oṣù Kìíní 1972, ní ṣọ́ọ̀ṣì New Temple Missionary Baptist ní Los Angeles. Pásítọ̀ James Cleveland wà pẹ̀lú rẹ̀, àti ẹgbẹ́ akọrin Southern California Community Choir. Ìjọ tó gbè é ní 1956 ti padà dé, ṣùgbọ́n nísinsìnyí Aretha ti di àgbà olórin. Orin tó fún àwo náà lórúkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 11. Ẹ mọ orin náà, nítorí náà ẹ má wá ìlù nínú rẹ̀, kò sí. Ó ń fa sílébù kan títí á fi di ọ̀nà jíjìn, ìjọ sì ń rìn ín pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ya fíìmù rẹ̀ náà, ṣùgbọ́n wọn kò lo pátákó tí wọ́n fi ń so àwòrán mọ́ ohùn, nítorí náà ẹnu àti ohùn kò bá ara wọn mu. 2018 ni fíìmù yẹn tó hàn. Bí ẹ bá rí i, ẹ wo ojú àwọn akọrin, ẹ má wo tirẹ̀.

Orin ijó ọdún 1980 sí 1990 kò ní gba àkókò yín púpọ̀. Ẹ̀rọ ló gba ipò àwọn olórin, ẹ̀rọ kì í sì í dúró gbọ́ ẹni. Èyí tí a ó yàn níbẹ̀ ni "Jump to It" ti 1982, torí Luther Vandross tó ṣe é ti jẹ́ elégbè fún àwọn ẹlòmíràn fún ọdún púpọ̀, ó mọ ibi tí ìdáhùn yẹ kó bọ́ sí. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbọ́ "A Rose Is Still a Rose" ti 1998, tí Lauryn Hill kọ fún un. Níbẹ̀ ló ti ń bá ọmọbìnrin sọ̀rọ̀ bí ìyá.

Ní ti ohùn tí kò dúró sójú kan: ọjọ́ orí ni, sìgá sì wà níbẹ̀. Ó jáwọ́ nínú sìgá ní 1992. Ohùn tó wúwo, tó há díẹ̀ ní àwọn ọdún kan, ẹ má pè é ní àṣìṣe. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ná an. Ọ̀dọ́ máa ń gun òkè ní gbogbo ìlà. Nígbà tó dàgbà, á sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ní ìlà púpọ̀, á wá yan ibì kan ṣoṣo láti gùn. Orin tó parí àpótí yín ló fi èyí hàn jù, "Natural Woman" tó kọ ní Washington ní oṣù Kejìlá 2015, nígbà tó di ẹni ọdún 73. Carole King, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ orin náà, wà lókè gbọ̀ngàn, òun ni wọ́n ń bu ọlá fún. Aretha jókòó sídìí dùùrù bó ti ṣe ní 1956, lẹ́yìn náà ó dìde, ó ju ẹ̀wù onírun rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 1967, kí ẹ wá bi í: ta ló ń gbè é? Gbogbo gbọ̀ngàn ni.

Nítorí náà, ẹ má tún fi Sátidé odindi gbọ́ ọ. Orin 6 tàbí 7 ti tó ní ìjókòó kan, bíi ìṣẹ́jú 25 fún gbígbọ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta: lẹ́ẹ̀kíní fún ohùn rẹ̀, lẹ́ẹ̀kejì fún elégbè nìkan bí ẹni pé òun kò sí níbẹ̀, lẹ́ẹ̀kẹta fún dùùrù. Orin tí ẹ kò bá rí ẹni tó ń gbè é níbẹ̀, ẹ fò ó fún ìgbà náà, ẹ máa padà sí i.

Ó ku ọ̀kan tó jẹ́ ti tírẹ́bù, a mọ̀ọ́mọ̀ fi í pamọ́ fún yín ni. "Ain't No Way", 1968, Carolyn àbúrò rẹ̀ ló kọ ọ́. Lẹ́yìn Aretha, ohùn kan wà lókè réré tí kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Cissy Houston ni, ìyá Whitney Houston, ọ̀kan nínú àwọn Sweet Inspirations. Ẹ kọ́ ìlà rẹ̀. Ẹ má fi ohùn àyà gbé e, á ya. Ẹ lo ohùn orí, kí ó fúyẹ́, lórí fáwẹ̀lì "ú", ètè ká roboto, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kó rọ̀. Ẹ sọ orin náà kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́ta lórí dùùrù, ní kíka kọ́kọ́rọ́ funfun àti dúdú pọ̀, kí ẹ máa gbé e sókè ní ìṣísẹ̀ kan lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹlòmíràn máa lé ti Aretha nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, torí ìlà yẹn kò ní ìtumọ̀ bí ẹ bá dá a kọ.